Kí Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tó Pé

"Má fọwọ́ kàn án!"

Mo gbá ọwọ́ Akínlàjà kúrò ní àgbọ̀n rẹ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Irorẹ́ tó tẹ̀ ti là, omi àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì ti ń ṣàn wá sí ọrùn rẹ̀. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, tó ń tún páànù oòrùn ṣe lórí òrùlé gbogbo Ẹ̀yìn Odi, ló jókòó níwájú mi bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Àǹtí Ìbídùn, ẹ má bínú. Ó ń yún mi ni."

"Kó máa yún ẹ. Èyí tó o tẹ̀ yìí ìbá lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní báyìí, àpá ló máa dà. Gèètì ò sì mọ ìyàtọ̀ àpá àti irorẹ́. Ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹ̀."

"Mélòó ló wà níbẹ̀ báyìí?"

Mo gbé iná kékeré sún mọ́ ojú rẹ̀. "Méje."

Ó mí kanlẹ̀. Gèètì ìlú Ìmọ́jú kì í gbà ju mẹ́ta lọ. Bí ojú èèyàn bá ní mẹ́rin pẹ́nrẹ́n, ilẹ̀kùn irin yẹn kò ní mira, ohùn inú rẹ̀ á sì sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kó padà sí ibi tó ti wá. Iṣẹ́ ń dúró de Akínlàjà nínú ìlú. Ọdún kejì rèé tó ti ń dúró dè é.

"Mo rò pé àwọn ọmọdé ló ń ní irorẹ́ ni," ló wí.

"Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà kì í yí padà ni? O kì í sùn. Ò ń dààmú. Epo tó o fi ń pa irun ń ṣàn wá síwájú orí ẹ nínú oòrùn. Kàn-ìn-kàn-ìn tó o fi ń họ ojú bí ẹni ń fọ ìkòkò náà sì wà ńbẹ̀." Mo gbé ìgò kékeré kan lé e lọ́wọ́. "Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni kó o máa fọ ojú, ọwọ́ lásán ni kó o fi fọ̀ ọ́, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le. Tó o bá fẹ́ sùn, mú oògùn yìí, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan, kó o fi kan gbogbo ojú. Ní ọ̀sán, dé fìlà. Kó o sì gbọ́ èyí dáadáa: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó máa burú sí i. Gbogbo èyí tó fara pa mọ́ sábẹ́ awọ máa jáde síta. Ẹ̀rù máa bà ẹ́. O máa fẹ́ dá oògùn náà dúró. Má dá a dúró. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ojú ẹ á ti já gaara."

"Kó burú kó tó sàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe."

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mo ní kí Akínlàjà lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀, mo sì fa aṣọ tó wà láàárín yàrá tì í.

Obìnrin ló wọlé. Ìbòjú dúdú bo gbogbo orí rẹ̀, ó gùn dé àyà. Bàtà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Ó funfun nini. Kò sí ẹni tó ń gbé Ẹ̀yìn Odi tí bàtà rẹ̀ funfun, nítorí ilẹ̀ pupa ni tiwa, eruku rẹ̀ kì í sì í dá ẹnikẹ́ni sí. Ará ìlú ni.

"Ìbídùn," ló wí.

Kò tíì ṣí ojú tí mo ti mọ̀ ọ́n. Èèyàn lè gbàgbé ìrísí ọ̀tá ẹni, ṣùgbọ́n ohùn tó fi dá ẹjọ́ ẹni, ó di dandan kéèyàn máa gbọ́ ọ lójú oorun.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Èmi àti obìnrin yìí, Tẹ̀júmọ́lá, jọ ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìtọ́jú Ojú nígbà tí òfin Ìmọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwo kan náà la fi ń jẹun. Èmi ni mò ń po oògùn nínú lẹ́bù, òun ló ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn olóyè, torí ẹnu rẹ̀ dùn. A ṣe ìpara kan tí wọ́n ń pè ní Dídán, wọ́n sì fi òfin dè é pé gbogbo ará ìlú ló gbọ́dọ̀ máa pa á. Oṣù mẹ́fà ni ojú gbogbo èèyàn fi ń dán bíi gíláàsì. Ìgbà náà ni mo rí i nínú lẹ́bù pé ìpara yẹn ń sọ awọ di ẹrú. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí ẹ̀, awọ ẹ̀ á tínrín, irorẹ́ líle á sì máa kó ara jọ sábẹ́, títí ọjọ́ tí á tú jáde. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi lé Tẹ̀júmọ́lá lọ́wọ́ pé kó bá mi gbé e lọ fún àwọn olóyè.

Kò gbé e débì kankan. Èmi fúnra mi ti jáwọ́ nínú ìpara náà kí n lè fi ojú ara mi dán an wò, ojú mi sì tú. Wọ́n mú mi lọ sí gbàgede. Tẹ̀júmọ́lá ló dìde. Ó mú kálàmù, ó fi ìdí rẹ̀ kan irorẹ́ ojú mi lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú gbogbo ìlú, ó ń kà á sókè, títí ó fi dé mọ́kàndínlógún. Ó ní mo kọ ìpara ìjọba, ó ní ọ̀bùn ni mí. Ìyá mi wà láàárín èrò lọ́jọ́ náà. Wọ́n tì mí síta kí oòrùn tó yí. Ọdún mẹ́jọ rèé. Láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn, wọ́n fi Tẹ̀júmọ́lá jẹ Alábòójútó Ojú fún gbogbo Ìmọ́jú. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Èmi tí mo kó o, n kò gbàgbé.

"Ẹ káàárọ̀, Alábòójútó," ni mo wí.

"Má pè mí bẹ́ẹ̀. Tẹ̀jú lo máa ń pè mí."

"Ẹ jókòó, Alábòójútó."

Ó jókòó. Ó ṣí ìbòjú. Mo gbé iná mi sún mọ́ ọn, n kò sì yára. Irorẹ́ tò sí párì rẹ̀ láti etí dé etí, wọ́n le, wọ́n pupa, bí ìgbà tí wọ́n gbin àgbàdo sábẹ́ awọ. Mọ́kànlá. Mo tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò pẹ̀lú ìka, ó sì pariwo. Mo fura sí òmíràn tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́, tí kò tíì yọjú.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Oṣù kan. Mò ń pa Dídán, mo tún ń fi kún un, kò gbọ́."

"Kò lè gbọ́. Òun ló fà á."

Ó gbójú sílẹ̀. "Mo mọ̀," ló wí. "Mo ka ohun tó o kọ nígbà náà."

Ó kà á! Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń rò ó pé bóyá kò kà á, bóyá ó sọnù, bóyá ẹ̀rù ló bà á. Ó jókòó lórí àga mi, ó sì sọ fún mi pé òun kà á.

"Dígí ilé mi ń ka ojú mi láràárọ̀ bíi ti gbogbo èèyàn," ló ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àwòrán ojú mi àtijọ́ ni mo fi ń tàn án. Ṣùgbọ́n Ìkàjú àwọn olóyè ku ogún ọjọ́. Gbàgede ni, ẹ̀rọ ńlá ni, kò ṣe é tàn. Ẹni tó bá sì ju mẹ́ta lọ…"

"Ọdún mẹ́wàá níta, olóyè tàbí mẹ̀kúnnù. Ẹ̀yin lẹ kọ òfin yẹn."

"Èmi ni mo kọ ọ́." Ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. "Ìbídùn, wò mí sàn. Mo mọ ohun tí mo ṣe sí ẹ. N kò ní ẹnu tí mo fi lè bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá ẹ ṣì wà láyé. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́, wọn ò lè jáde, oògùn ọkàn wọn sì wà nínú ìlú. Mo máa fọwọ́ sí ìwé ìwọlé fún ẹ, èyí tí gèètì ò ní ka ojú ẹ rárá. O máa wọlé lọ rí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí ayé wọn. Mo búra."

Mo dìde, mo lọ sí ẹ̀yìn aṣọ níbi tí àpótí oògùn mi wà. Ọdún mẹ́jọ tí n kò rí ojú ìyá mi! Ọjọ́ ìkẹyìn tí mo rí wọn, wọ́n ń na ọwọ́ sí mi láàárín èrò, ẹnì kan sì ń fà wọ́n sẹ́yìn.

Ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé mi láti ẹ̀yìn aṣọ. "Ohun kan wà o. Òfin gbà kí olóyè sún Ìkàjú síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fúnni. N kò fẹ́ lò ó, torí àwọn ọ̀tá mi á fura. Ṣùgbọ́n tó o bá ní kí n lò ó, màá lò ó. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé kí n sún un síwájú?"

Mo di ìgò oògùn mú. Oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méjìlá géérégé. Kò sí iye ọjọ́ mìíràn tí oògùn yìí fẹ́. Tí mo bá sọ pé "sún un," ojú rẹ̀ á já gaara, á ṣe olóyè lọ, èmi á sì rí ìyá mi.

Tí n kò bá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Mo gbójú sókè. Akínlàjà dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, omi ń kán lójú rẹ̀, ó ń wò mí. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Mo jáde padà sí yàrá. Mo gbé ìgò náà lé Tẹ̀júmọ́lá lọ́wọ́. Mo wò ó lójú kòrókòró, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́jọ, mo sì pè é lórúkọ tí mo máa ń pè é.

"Tẹ̀jú, jáwọ́ nínú Dídán lónìí. Fi oògùn yìí pa ojú ní alaalẹ́. Má tẹ̀ ẹ́, má họ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, o máa rí ìyàtọ̀."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọlọ́run á bù kún ẹ. Nígbà náà, n kò ní sún un síwájú."

"Ohun tó o bá rò pé ó dáa ni kó o ṣe."

Ó bo ojú, ó jáde. N kò purọ́ kankan. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló jẹ́ òtítọ́.

Akínlàjà wọlé. "Àǹtí, ẹ ò sọ fún un pé ó máa burú."

"Kò bi mí."

"Ó bi yín."

"Lọ sílé, Akínlàjà."

"Ìyá yín ńkọ́?"

"Mo ní kó o lọ sílé!"

Mo jókòó sórí àga tí Tẹ̀júmọ́lá ti dìde. Ó ṣì gbóná. Mo ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ń dùn mí láyà bí ẹni tó ń wúkọ́. Ní ti ìyá mi, mo rò ó pé mo máa wá ọ̀nà mìíràn tí màá fi rí wọn. Irú àyè àtigbẹ̀san tí Tẹ̀júmọ́lá gbé wá sí ọwọ́ mi yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń yọjú láyé èèyàn.

Tẹ̀júmọ́lá ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́, ọjọ́ kejìlá: ẹyẹ irin kékeré kan bà sójú fèrèsé mi, ohùn rẹ̀ sì jáde nínú ẹyẹ náà, ó ń gbọ̀n. "Ó ń pọ̀ sí i. Ó ti dé iwájú orí. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?" Mo dá a lóhùn pé, "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Oògùn ti ń ṣiṣẹ́." Òtítọ́ ni. Ìkejì dé lọ́jọ́ kejìdínlógún: "Ìbídùn, wọ́n ti ti ìwé sísún pa. N kò lè sún un síwájú mọ́. Mo gbọ́kàn lé ẹ." Mo jẹ́ kí ẹyẹ náà fò lọ láìfèsì.

Lọ́jọ́ Ìkàjú, gbogbo Ẹ̀yìn Odi jáde lọ síwájú gèètì. Wọ́n máa ń gbé àwòrán gbàgede sára odi fún wa, ó ga tó ilé alájà mẹ́ta, kí àwa tí wọ́n lé síta lè máa rí àwọn tí ojú wọn mọ́. Oòrùn ọ̀sán mú gidi. Akínlàjà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dé fìlà, kò bá mi sọ̀rọ̀.

Olóyè mẹ́rin kọjá. Òdo. Ẹyọ kan. Òdo. Méjì. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ nínú ìlú, a sì ń gbọ́ ọ láti orí odi.

Wọ́n pe Tẹ̀júmọ́lá. Ó wọ aṣọ òyìnbó aláwọ̀ ewé, ó rìn bọ̀ pẹ̀lú orí gíga. Wọ́n ní kó ṣí ìbòjú. Ó ṣí i. Èrò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nínú àti níta. Ẹ̀rọ náà tan ìmọ́lẹ̀ sí i lójú, ohùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Mò ń kà pẹ̀lú rẹ̀, ètè mi ń mira. Nígbà tó kọjá mọ́kàndínlógún, mo pariwo. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ dì mọ́ mi, ó ń fò sókè, torí òun náà ní ohun tí Tẹ̀júmọ́lá ṣe sí i. Ẹ̀rọ dúró lórí mọ́kàndínlógójì. Ojú rẹ̀ lórí odi náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí mo fi rí omijé kan tó ń sá kiri láàárín àwọn irorẹ́ náà, tí kò mọ ibi tó máa gbà.

Inú mi dùn. N kò ní parọ́ fún yín. Ó dùn dé egungun.

Kò pẹ́ tí gèètì fi ṣí. Olùṣọ́ méjì mú un jáde, wọ́n gbé báàgì kan lé e lọ́wọ́. Láàárín ìgbà tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, mo rí inú ìlú. Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́hùn-ún. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí rẹ̀, ó wé gèlè pupa, ó na ọrùn bí ẹni tó ń wá èèyàn. Kí n tó mọ ohun tí ojú mi rí, gèètì ti padé.

Tẹ̀júmọ́lá kò wo àwọn tó ń hó lé e lórí. Ó rìn tààrà wá bá mi. Ó mú ìwé kan jáde láti inú aṣọ rẹ̀.

"Mo fọwọ́ sí i láàárọ̀ yìí," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. "Mo rò pé kí n mú ìlérí mi ṣẹ ṣáájú, torí mi ò mọ bí ọ̀sán ṣe máa rí. Mo ní kí wọ́n gbé ìyá ẹ wá sí ìdí gèètì, kí wọ́n gbé àga fún wọn. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti agogo méje."

Mo já ìwé náà gbà. Mo sáré. Mo tẹ́ ẹ mọ́ ojú gèètì pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ìmọ́lẹ̀ sì kọjá lórí rẹ̀.

"Ìwé yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́," ni ohùn jẹ́jẹ́ náà wí. "Ẹni tó fọwọ́ sí i kò ní ojú tó mọ́. Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti wá."

Mo tún tẹ́ ẹ. Ó tún sọ ọ́. Mo lu irin náà títí ọwọ́ mi fi bó.

Tẹ̀júmọ́lá ti dé ẹ̀yìn mi. "Ìbídùn. Ṣé o mọ̀ pé ó máa rí báyìí?"

Mo yíjú sí i. Ojú rẹ̀ wú, ó pọ́n, ó sún mọ́ tèmi. Mo ti ń dúró de ìbéèrè yẹn láti ọdún mẹ́jọ. Mo ti to èsì rẹ̀ sí ẹnu, gígùn, kíkorò, pẹ̀lú gbogbo èébú tí mo mọ̀.

"Mo mọ̀," ni mo wí. Kò sí ohun mìíràn tó jáde.

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó sórí báàgì rẹ̀ nínú eruku.

"Oògùn yẹn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án," ni mo sọ fún un. "Má dá a dúró. Ó máa sàn."

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gèètì, ihò afẹ́fẹ́ kan wà nísàlẹ̀ odi, kò gbòòrò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ẹnu sí i.

"Ìyá! Ìyá mi!"

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí àga ń wọ́ nílẹ̀, tí ohùn kan sì wá láti òdìkejì, ó ti tínrín ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

"Ìbídùn? Ìwọ ni?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Mo ti ń dúró dè ẹ́ láti àárọ̀. Wọ́n ní o máa wọlé wá. Wọ́n tún wá ń sọ níbí pé o ò lè wọlé mọ́, wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn gbé mi padà. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló tún ṣe wá báyìí?"

Mo gbọ́ tí wọ́n ń gbé àga náà. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń ké mọ́ àwọn tó ń gbé e pé kí wọ́n dúró ná, kí n kọ́kọ́ dáhùn.

"Èmi ni, Ìyá," ni mo wí.